Bídọ́ọ̀nù Tí Kò Lè Mí

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹsáǹsì, epo tí ọkọ̀ ń mu, kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe alùpùpù tàbí ọkọ̀. Aṣọ káákì ni. Káákì tuntun tí wọ́n fi irin gbígbóná lọ̀, tí ojú ìlọ̀ rẹ̀ ṣì mú ṣáṣá, tó wà lára ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́tàlá kan tó jókòó sí iwájú ọkọ̀ ojú omi, tó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé itan kí aṣọ náà má baà rún. Mo máa ń gbìyànjú láti yí ọkàn mi kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí i ṣe rí. Mo tètè sọ èyí kí ẹni tó bá ń kà á má baà máa retí pé ọ̀rọ̀ náà yóò dára níkẹyìn. Kò dára.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni nígbà náà, mo jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, ìjọba àwọn ológun tó ń pe ara rẹ̀ ní Ìyípadà sì ti pa á láṣẹ pé gbogbo ẹni tó bá jáde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọdún kan sin ìlú. Ibi tí wọ́n bá ní kí o lọ, ibẹ̀ náà ni. Wọ́n ní kí n lọ máa kọ́ àwọn ọmọ ní abúlé kan tó wà lódìkejì odò Wẹ́mẹ̀, tí a bá ti Tchaourou dé Bétérou, tí a sì tún sọdá omi. Mo gbé báàgì kan, ìwé físíìkì mẹ́ta, àti ìbẹ̀rù tí n kò lè fi han ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀rù ejò, mo bẹ̀rù odò, mo bẹ̀rù pé àwọn ọmọ yóò béèrè ohun tí n kò mọ̀ lọ́wọ́ mi. Àlàyé ni mo fi ń bo ìbẹ̀rù náà mọ́lẹ̀. Bí ènìyàn bá kí mi pé “ẹ káàárọ̀, mùsé,” bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí n ṣàlàyé ìdí tí ilẹ̀ fi ń mọ́ fún un. Àwọn ará abúlé kì í bínú. Wọn a dúró, wọn a gbọ́ mi tán, wọn a wá gbé ọkọ́ wọn kọ́ èjìká, wọn a bá oko wọn lọ.

Kíláàsì tó kẹ́yìn ni wọ́n fún mi, àwọn ọmọ márùn-ún tó fẹ́ ṣe ìdánwò sẹ̀tífíkà tí a fi ń parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: ọkùnrin mẹ́rin, obìnrin kan. Ọmọbìnrin yìí ni orí rẹ̀ pé jù. Ní oṣù kejì tí mo débẹ̀, mo ń ṣe ìṣirò lójú pátákó, ó sì dìde láàárín àwọn yòókù, ó ní, “Mùsé, ẹ gbé oókan, ẹ kò rò ó mọ́ ọn.” Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀rù bà mí pé bí ọmọ kan bá lè rí àṣìṣe mi, gbogbo abúlé yóò mọ̀ pé n kò mọ nǹkan kan. Nítorí náà mo sọ fún un, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ tó burú ju igbe lọ, pé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í tọ́ka sí àṣìṣe àgbà lójú àwùjọ. Kí ó nawọ́ sókè, kí ó sì dúró títí tí àgbà yóò fi bi í. Ó ní, “Ẹ má bínú, mùsé,” ó jókòó. Kò tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láé. Ìyá rẹ̀ tilẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní ilé ni àwọn ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yẹn, pé ó dùn mọ́ òun pé mùsé ń bá àwọn parí rẹ̀. Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀kọ́ kan tí mo rò pé mo kọ́ wọn dáadáa ni ti afẹ́fẹ́. Mo mú agolo mílíìkì kan wá sí kíláàsì, mo fi ìṣó lu ihò kan sí orí rẹ̀, mo dojú rẹ̀ kodò. Mílíìkì náà kán tó, ó kán tó, ó dúró. Mo wá lu ihò kejì sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì tú jáde gbuuru. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Àwọn ọkùnrin ń wo mílíìkì náà, wọn kò wò mí rárá. Ọmọbìnrin náà nawọ́ sókè, ó dúró títí mo fi pè é, ó ní, “Mùsé, nǹkan kan kò lè jáde bí nǹkan mìíràn kò bá wọlé wá gba ipò rẹ̀.” N kò tíì rí ìwé tó sọ ọ́ rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ sójú pátákó, wọ́n dà á kọ, lẹ́yìn náà a lá mílíìkì.

Bàbá ọmọbìnrin náà jẹ́ àgbẹ̀ oníṣu, mùsùlùmí tó dákẹ́, tí kì í gbé ohùn sókè. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kí n tó dé abúlé náà, níwájú ẹlẹ́rìí méjì: bí ọmọ náà bá yege ìdánwò lọ́dún yẹn, yóò lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Tchaourou, yóò máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀. Bí kò bá yege, ó parí nìyẹn. Ìdílé kan wà ní Alafiarou tó ti tọrọ rẹ̀ fún ọmọkùnrin wọn, wọ́n sì ń dúró. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà mọ̀. Bí mo bá rí i tó ń ka ìwé lábẹ́ igi kajú pẹ̀lú ẹnu tó ń mì wúyẹ́wúyẹ́, ẹ̀rù a bà mí, nítorí ó dà bíi pé èmi ni wọ́n gbé ayé rẹ̀ lé lọ́wọ́, èmi tí n kò tíì mọ ibi tí mo ń gbé tèmi lọ.

Bétérou ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò náà. Láti ayébáyé, bàbá atukọ̀ kan ló ń fi ọkọ̀ gbígbẹ́ rẹ̀ kó ènìyàn sọdá odò, pẹ̀lú ọ̀pá gígùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti àjẹ̀ nígbà òjò. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn odò kún ṣáájú àsìkò, omi pupa, tó ń gbé igi odindi kọjá. Délégè abúlé wa, ẹni tí Ìyípadà fi jẹ olórí dípò baálẹ̀, ti bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ títí wọ́n fi fún un ní ọkọ̀ onípákó kan àti ẹ́ńjìnì kékeré tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀. Inú rẹ̀ dùn bíi pé ọkọ̀ ojúurin ni wọ́n fún un. Àmọ́ ẹ́ńjìnì náà dé láìní àgbá ẹsáǹsì. Irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ kì í ní ikùn tirẹ̀. Àgbá kan tó ṣeé gbé lọ gbé bọ̀ ni a máa ń gbé sílẹ̀ nínú ọkọ̀, tí ọ̀pá rọ́bà kan á máa fa ẹsáǹsì láti inú rẹ̀. Délégè ní, “Kàmáráàdì mùsé, ẹ̀yin lẹ ka ìwé ẹ́ńjìnì. Ẹ lọ sí Tchaourou, ẹ bá wa ṣa èyí tó dára. Ẹ mú bàbá atukọ̀ dání kó lè bá yín gbé e.” Kò sí ìwé ẹ́ńjìnì kankan tí mo kà. N kò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojúurin ní Tchaourou, ọkùnrin kan wà tó ń ta àlòkù irin. Bàbá atukọ̀ kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó lọ tààrà sí ibi àgbá pupa kan tó ti họ lára, àgbá ẹ́ńjìnì ojú omi gan-an, tó pẹlẹbẹ, tí ìdí rẹ̀ gbòòrò kí ó má baà yí nínú ọkọ̀. Nígbà èwe rẹ̀ ó ti bá àwọn apẹja ṣiṣẹ́ ní ọ̀sà lápá Kùtọnù, èmi kò sì mọ̀ nígbà náà nítorí n kò bi í. Ó ṣí ìdérí, ó gbóòórùn inú rẹ̀, ó ti àkísà bọ̀ ọ́, ó wo àkísà náà. Ó ní, “Ìpẹtà díẹ̀ wà. A ó da òkúta wẹ́wẹ́ àti ẹsáǹsì sí i, a ó mì í dáadáa, yóò mọ́.” Lẹ́yìn náà ó tú ìdè kékeré kan tó wà lórí ìdérí náà, ó fi ẹnu fẹ́ ẹ, afẹ́fẹ́ kọjá. Ó dè é, ó tún fẹ́ ẹ, kò kọjá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀. “Mùsé, àgbá ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa mí. Èyí ń mí.”

Ṣùgbọ́n ojú mi ti lọ sí òdìkejì ọ̀nà, níbi tí obìnrin kan to bídọ́ọ̀nù sí, àwọn ike ńlá tí a fi ń gbé ẹsáǹsì. Ọ̀kan wà níbẹ̀, tuntun, funfun, tó fi ojú hàn tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè dúró lókèèrè kó rí ibi tí ẹsáǹsì dé nínú rẹ̀. Mo ti kọ ohun tí a nílò sínú ìwé kékeré mi lálẹ́ àná ọjọ́ náà: kí ó fúyẹ́, kí ó má dípẹtà, kí a lè mọ̀ bí ẹsáǹsì bá ń tán lọ. Bídọ́ọ̀nù yìí ní gbogbo rẹ̀. Lóòótọ́, kì í ṣe ìwé kékeré yẹn nìkan ni. Ojú ń tì mí láti gbé àgbá tó họ padà sí abúlé, kí wọ́n wá máa sọ pé odindi akọ́wé lọ sí Tchaourou, àlòkù ló gbé bọ̀. Mo fẹ́ kí ohun tí mo bá gbé wálé máa dán.

Mo ní, “Bàbá, màá lu ihò sí ìdérí èyí náà, yóò máa mí.”

Ó wo bídọ́ọ̀nù náà, ó wò mí. “Ihò tí ènìyàn lù, mùsé, ènìyàn lè dí i.”

Ẹni tó ń ta irin bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹ fi ọmọ yín sílẹ̀ o. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Aṣọ ló ń rà lónìí.”

Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ó dùn mí. Bídọ́ọ̀nù ni mo gbé. Bàbá kò jiyàn. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e lórí títí dé inú ọkọ̀, bí délégè ṣe ní kó ṣe.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ṣe iṣẹ́ náà láìbìkítà. Bóyá ì bá sàn bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo mú ọ̀pá rọ́bà gba èjìká bídọ́ọ̀nù wọlé títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí, mo fi gọ́ọ̀mù dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì fi ìṣó gbígbóná lu ihò kan ṣoṣo sí àárín ìdérí. Mo po epo ẹ́ńjìnì mọ́ ẹsáǹsì bí wọ́n ṣe ní ká máa pò ó. Mo kọ ìlànà sínú ìwé fífẹ̀ kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́: pé orí ilẹ̀ ni kí a ti máa rọ ẹsáǹsì, kì í ṣe nínú ọkọ̀, pé kí a fi ìwọ̀n ìka mẹ́rin sílẹ̀ lókè, pé ihò orí ìdérí gbọ́dọ̀ máa wà ní ṣíṣí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. A gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ́ńjìnì náà ń kọrin lọ kọrin bọ̀. Délégè kó gbogbo ènìyàn jọ sí etídò, ó ní ìgbà àjẹ̀ ti kọjá lọ, ìjàkadì ń tẹ̀síwájú. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo wo ọ̀dọ̀ bàbá atukọ̀. Òun náà ń pàtẹ́wọ́, díẹ̀díẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò, bàbá wá bá mi nílé. Ó ní kí a jẹ́ kí òun fi ọkọ̀ gbígbẹ́ kó àwọn ọmọ sọdá lẹ́ẹ̀mejì kí oòrùn tó wọ̀, kí wọ́n sùn ní Bétérou, kí wọ́n jí síbẹ̀. Ó ní, “Odò tó bá ń gbé igi, a kì í bá a ṣe àdéhùn àárọ̀.” Mo ṣàlàyé fún un pé ọmọ tó bá sùn sí ibùsùn ara rẹ̀ ni ọpọlọ rẹ̀ máa ń jí pépé. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, “Ó dára, mùsé.” Bí mo ṣe ń kọ èyí, “ó dára” yẹn ló ń dùn mí jùlọ nínú gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni sọ fún mi lọ́dún náà.

Ilẹ̀ mọ́ pẹ̀lú ìkùukùu. Nítorí pé n kò sùn, tí mo sì ń fi gbogbo òru rò pé ẹsáǹsì lè tán lórí omi, mo rọ bídọ́ọ̀nù náà kún títí dé ọrùn, n kò fi ìka mẹ́rin kankan sílẹ̀. Àwọn ọmọ wọ ọkọ̀ pẹ̀lú káákì wọn. Bí ọkọ̀ ti ń mì ni ẹsáǹsì ń tú jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú ihò orí ìdérí, ìkán kan sì ta sí etí aṣọ ọmọbìnrin náà. Ìyá rẹ̀, tó ti rin omi dé orúnkún láti fún wọn ní àkàrà, ké sí mi.

“Mùsé, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Bó bá wọlé tó ń rùn, wọn ò ní lé e jáde bí?”

“Wọn ò ní lé e, ìyá.”

“Ẹ gba èyí, kí ẹ fi sí i lẹ́nu.” Ó da àkàrà sí ọwọ́ àwọn ọmọ, ó na ọ̀rá tó kó wọn sí mi.

Kò sí ẹni tó ń gbé ẹsáǹsì lágbègbè wa tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ẹnubodè títí dé Tchaourou, ọ̀rá ni gbogbo wọn ń fi sí ẹnu bídọ́ọ̀nù kí wọ́n tó fi ìdérí dè é, kí ó má baà jò. Ọwọ́ gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ tèmi náà mọ̀ ọ́n. Mo ṣí ìdérí, mo tẹ́ ọ̀rá náà sí ẹnu rẹ̀ ní ìṣẹ́po méjì, mo dè é pinpin. Kò jò mọ́. Ìyá náà ní, “Ọlọ́run yóò fún yín ní tiyín, mùsé,” inú mi sì dùn pé mo ṣe ohun kan tí ènìyàn lè dúpẹ́ fún. Bí a ti fẹ́ ṣí, bàbá atukọ̀ wọ omi wá, ó ju àjẹ̀ kan sínú ọkọ̀. Mo ní, “Bàbá, kò sí àyè.” Ó ti ń rìn padà sí etídò.

Ẹ́ńjìnì náà ṣiṣẹ́ títí a fi dé àárín odò. Ibẹ̀ ló ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́. Ńṣe la kàn gbọ́ odò lójijì, bíi pé ó ti ń sọ̀rọ̀ látẹ̀yìnwá tí ẹnì kankan kò fetí sí i. Mo fa okùn ẹ́ńjìnì. Mo tún fà á. Mo fún bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré tó wà láàárín ọ̀pá rọ́bà náà, èyí tí a fi ń ti ẹsáǹsì lọ, ó tẹ̀ pẹlẹbẹ, kò sì wú padà. Gbogbo àkókò yìí ni mo ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ: pé ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀, pé irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, pé kí wọ́n má bẹ̀rù. Odò ń gbé wa lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin mú àjẹ̀, ó ní, “Mùsé, ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ wà á. Ọwọ́ kì í mu ẹsáǹsì.” Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Mo jágbe mọ́ wọn pé kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Mo fa okùn náà pẹ̀lú gbogbo agbára mi, ó já. Mo ṣubú sẹ́yìn, okùn lọ́wọ́ mi.

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ọmọbìnrin náà nawọ́ sókè. Ó na ìka kan sókè gan-an bí wọ́n ṣe ń ṣe ní kíláàsì, ọwọ́ kejì ṣì wà lórí itan rẹ̀. N kò mọ ìgbà tó ti nà á.

Mo ní, “Kí ni?”

“Mùsé, agolo mílíìkì.”

Mo wo bídọ́ọ̀nù. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti wọnú, ó ti rù hángógó bí ikùn ẹni tí ebi pa kú. Mo tú ìdérí náà, mo ṣí ọ̀rá tó dí ihò rẹ̀ kúrò. Ó mí kanlẹ̀, ohùn tó gùn, bí arúgbó tó sọ ẹrù kalẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì padà sípò rẹ̀, ó tún dára bí ọjọ́ tí mo rà á. Ẹsáǹsì wà nínú rẹ̀ tó lè gbé wa lọ gbé wa bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Okùn ẹ́ńjìnì sì wà lọ́wọ́ mi.

Mo bi í pé, “Ìgbà wo lo ti rí i?”

“Láti ìgbà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú. Mo ti ń dúró kí ẹ bi mí, mùsé.”

Àjẹ̀ bàbá atukọ̀ ló gbé wa gúnlẹ̀, ní ọwọ́ àwọn ọmọ àgbẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, nígbà tí èmi jókòó. Odò ti gbé wa jìnnà sí ìsàlẹ̀. A gba inú koríko tí omi bò kọjá, omi dé ìbàdí wa, káákì tí a fi ọ̀rá ṣọ́ nítorí ìkán ẹsáǹsì kan sì di ẹrẹ̀ títí dé ọrùn. Nígbà tí a sáré dé Bétérou, oòrùn ti ga. Ọ̀gá ìdánwò jáde sí wa. Kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ó gbọ́ mi tán, ó wo àwọn ọmọ, ó tilẹ̀ ní kí wọ́n bu omi fún wọn mu. Ó ní, “Kàmáráàdì, àpèkọ ti parí. Ẹni tí kò bá ṣe é, òdo ni, òdo kan ṣoṣo sì ti lé e jáde. Bí mo bá jẹ́ kí wọ́n wọlé, mo kàn ń tàn wọ́n ni.” Bí a ti dúró níbẹ̀, wọ́n ń ka ìṣirò sókè nínú kíláàsì. Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́, mo sì gbọ́ tó pe ìdáhùn rẹ̀ lábẹ́ ohùn, kí àwọn tó wà nínú ilé tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ìdáhùn náà tọ̀nà. Kò sí ẹni tó bi í.

Délégè ní kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀, kí n kọ ọ́ pé ìkún odò ló fà á. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo fọwọ́ sí i. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ẹ̀rù ló bà mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í bà mí nígbà tí mo bá fẹ́ ṣàlàyé nǹkan mìíràn, nítorí náà n kò mọ ohun tí ó jẹ́.

Èmi àti bàbá atukọ̀ lọ bẹ bàbá ọmọ náà pé kó fún un ní ọdún kan sí i. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin yòókù yóò tún kíláàsì náà ṣe, bàbá tiwọn ti gbà. Bàbá ọmọbìnrin náà tẹ́ ẹní fún wa, ó fún wa lómi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́, pé kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà rárá, pé ohun tó wà nínú bídọ́ọ̀nù kò lè jáde àfi bí nǹkan bá wọlé. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ó ní, “Mùsé, ẹ kò ṣe mí níbi. Bí Ọlọ́run ṣe kọ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ní, bó bá yege. Mo sọ ọ́ lójú ẹlẹ́rìí méjì. Àwọn ará Alafiarou ti dúró tì mí. Ẹyin ni ohùn.”

Bàbá atukọ̀ ní, “Ọmọ náà kò kùnà, ọkọ̀ ló kùnà.”

“Mo gbọ́, bàbá. Ẹ mu omi yín.”

Nígbà tí a jáde, mo ń retí kí bàbá atukọ̀ rán mi létí àgbá pupa náà. Ì bá ti tù mí lára. Ṣùgbọ́n ó kàn bi mí bóyá mo ti jẹun, ó sì yà sí ọ̀nà etídò. Kí ìkórè iṣu tó parí, wọ́n ti gbé ọmọ náà lọ sí Alafiarou. N kò sí níbẹ̀. Ọdún ìsìn mi ti pé, mo ti di báàgì mi.

Ọdún mẹ́rin ti kọjá. Ilé tọ́ńtọ̀n mi, arákùnrin bàbá mi, ní Tchaourou ni mo wà, tí mo ń dúró de iṣẹ́ ìjọba. Ìjọba kò gba ẹnikẹ́ni sí iṣẹ́ mọ́, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ gan-an kò rí owó oṣù, tọ́ńtọ̀n sì ti dẹ́kun bíbi mí pé kí ni mo gbọ́. Nígbà mìíràn mo máa ń rìn lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojúurin kí ó lè dà bíi pé mo ní ibi tí mo ń lọ. Ẹni tó ń ta àlòkù irin ṣì wà níbẹ̀. Àgbá pupa náà kò sí níbẹ̀ mọ́.

Lóṣù tó kọjá, mo rí obìnrin kan tó ń ta kọfí fún àwọn tó ń dúró de ọkọ̀, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti jókòó sí àga rẹ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n. Òun ti mọ̀ mí. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, mùsé,” ó béèrè ara mi, ó béèrè ìyá mi. Ọkọ rẹ̀ ti kúrò ní Alafiarou, ó ń ru iṣu sínú ọkọ̀ níbùdó. Mo ní oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò sílẹ̀ fún ọdún mẹ́rin pé bí mo bá rí i, màá sọ. Mo la ẹnu. Ó ti mú agolo mílíìkì tuntun kan, ó gbé ìṣó lé e, ó fi òkúta kàn án lẹ́ẹ̀kan. Ó yí agolo náà, ó kàn án lẹ́ẹ̀kejì ní òdìkejì. Kò wò mí. Ó dojú rẹ̀ kodò sórí kọ́ọ̀pù mi, mílíìkì náà sì tú jáde láìdúró.

Ó ní, “Ó tó àbí kí n fi kún un?”

Mo ní ó tó. Oníbàárà mìíràn ti dé, ó yíjú sí i. Mo mu kọfí náà tán. N kò ṣàlàyé ohunkóhun. Ó ti pẹ́ jù kí n tó kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́, kò sì sí ẹni tí ìdákẹ́jẹ́ náà ràn lọ́wọ́ mọ́. Mo máa ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn ọjà nísinsìnyí bí mo bá fẹ́ rìn. Kì í ṣe pé mo ń sá fún un. Ohun tí mo ń sá fún ni ọjọ́ tí yóò tún rí mi tí mo ń ṣe ohun kan láìdáa, tí yóò sì dúró, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ rere tí mo kọ́ ọ, títí n óo fi bi í.